Àwọ̀ Mi Ni Ọmọ Náà Mú

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù Òkúdu

Ọkọ̀ bàjẹ́ fún wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, òjò sì pa wá. Síbẹ̀ mo dé Baṣọ̀run ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹrù mi sì pé: gàrí, èlùbọ́, ọṣẹ dúdú, àti àpótí páànù tí aṣọ ìgbà ọmọ ọwọ́ Olúwadáre ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tọ́jú aṣọ wọ̀nyẹn de ọmọ tí Dáre yóò bí. Kòkòrò ò jẹ ẹyọ kan nínú wọn. Ibo ni kòkòrò yóò gbà, nígbà tó jẹ́ pé ọdọọdún ni mò ń kó kánfọ̀ tuntun sáàárín wọn?

Ta ni mo bá ní pálọ̀? Àlàájà Ràfátù, ìyá tó bí Ẹnìtàn ìyàwó Dáre. Ó ti dé láti ọjọ́ Ajé. Obìnrin tí ilé rẹ̀ wà ní Ring Road níbí, tó lè máa lọ kó máa bọ̀, òun ló kó báàgì mẹ́ta dání. Wọ́n ti fún un ní yàrá tó ní fèrèsé méjì, tó kángun sí ti Ẹnìtàn. Èmi tí mo ti Ṣakí wá, èmi tí mo ni ọmọkùnrin tó ń san owó ilé, yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n tẹ́ ibùsùn mi sí. Dáre ní, "Màmá, ṣé kò ní yọ yín lẹ́nu?" Mo ní kò burú. Ó burú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Tòmátì ti di góòlù ní Ìbàdàn. Mẹ́rin péré ni Ẹnìtàn rà ní Bódìjà, ó sì gbé e wálé bí ẹni gbé ẹyin.

Oyún rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ọgbà. Àlàájà ní kó jókòó. Ó jókòó.

Mo gbé abọ́ ìwẹ̀ tí mo rà ní Ṣakí jáde, pé inú rẹ̀ ni a ó ti máa wẹ ọmọ. Àlàájà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ yàrá, ó gbé tirẹ̀ jáde: ọ̀kan oníke aláwọ̀ búlúù, tó ní ibi ìgbórílé, tó ní ìdérí, tó ní ihò tí omi ń gbà jáde. Láti ṣọ́ọ̀bù bàtà rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ ló ti rán ènìyàn lọ rà á. "Màmá Dáre, ẹ sinmi," ó ní. "Iṣẹ́ tíṣà tí ẹ ṣe fún ọdún márùndínlógójì ti tó. Èmi ni mo ṣì lágbára."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "ẹ sinmi." Ohun kan náà ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà ìfẹ̀yìntì mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ọkùnrin ni! Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀. Ẹnìtàn àti ọmọ ń ṣe dáadáa. Olúwa ṣeun.

Àlàájà ló kọ́kọ́ gbé e. Mo wo aago ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó rántí pé mo wà nínú yàrá.

Bó ṣe gbé e, kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó wò? Etí. Ó ṣí fìlà, ó wo ṣóńṣó etí ọmọ, ó sì yọ ayọ̀ gidi. "Ẹ wò ó! Etí ti sọ fún wa. Dúdú ni yóò dú, bí èmi ìyá rẹ̀." Kí n má purọ́, obìnrin náà dúdú bí kóró iṣin, ó sì ń dán. Ṣùgbọ́n ní Ṣakí, gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ló mọ̀ mí sí Ìyáàfin Pupa. Dáre ò mú àwọ̀ mi, bàbá rẹ̀ ló jọ. Ọmọ yìí ni mo fọkàn sí. Mo wo etí náà fúnra mi. Kò dú tó bó ṣe sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọjọ́ kẹta tí mò ń wo ìwẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ń na ọmọ lápá, ó ń nà án lẹ́sẹ̀, ó ń kọrin fún un, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ó ní ohùn, mi ò sọ pé kò ní. Omi ewé wà nínú omi ìwẹ̀ náà, ó sè é fúnra rẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ọwọ́ mi, ó yí i padà, ó wò ó. "Ọwọ́ yín le, Màmá Dáre. Ṣọ́ọ̀kì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀." Ẹnìtàn rẹ́rìn-ín. Dáre náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń wo ilẹ̀ bí olóṣèlú tó ń wá ìbò ní ìhà méjèèjì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Iléyá. Àlàájà lọ sílé rẹ̀ ní Ring Road lọ pa àgbò, ọ̀la ni yóò padà. Kó tó lọ, ó ka òfin fún mi bí ẹni ń ka òfin fún ọmọ ọ̀dọ̀: omi kò gbọdọ̀ gbóná jù, ọmọ kò gbọdọ̀ mu omi, bébà ìnùdí wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì. Mo ní, "Àlàájà, mo bí ọmọ rí."

Ilẹ̀kùn kò tíì tì dáadáa lẹ́yìn rẹ̀ tí mo fi ṣí àpótí mi.

Mo wẹ ọmọ mi fúnra mi. Kò sunkún rárá, ojú mi ló ń wò. Mo wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun tí mo fi kíróṣé hun nígbà tí mo lóyún Dáre, mo fi súwẹ́tà lé e, mo dé e ní fìlà, mo fi ṣọ́ọ̀lù wé e. Òórùn kánfọ̀ ṣì wà lára wọn, nítorí náà mo gbọn ìyẹ̀fun ìpara sí i dáadáa. Ẹnìtàn kò gbọ́ òórùn kankan, ọ̀fìnkì ti dí i nímú láti àná. Ó ní, "Màmá, ó dà bí ọmọ aláde." Mo gbé e jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mi ò rántí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àlàájà ti dé pẹ̀lú ẹran. Kó tó wọlé, mo ti kó àwọn aṣọ náà padà sínú àpótí, nítorí mi ò fẹ́ kó fọwọ́ tọ́ wọn kó sì ní wọ́n ti gbó. Ṣùgbọ́n mo tẹ́ ṣọ́ọ̀lù náà sínú ibùsùn ọmọ, lábẹ́ aṣọ ìtẹ́sùn tí òun rà. Ọmọ ń sùn lórí ohun tó jẹ́ tèmi, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dùn mọ́ mi.

Ó wọlé, ó fa imú. "Kí ló ń rùn nínú yàrá yìí?"

Mo ní, "Ọṣẹ tí mo fi nu ilẹ̀ ni."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìkómọjáde. Òjò dá wa sí títí di ọ̀sán. Pásítọ̀ wa wá láti Agbowó, àwọn ẹbí Àlàájà kún àga mẹ́rìndínlógún (mo kà á), àwọn tèmi méje láti Ṣakí.

Mo sọ ọ́ ní Olúwanífẹ́mi. Àlàájà sọ ọ́ ní Suhail. Kí a tó jẹun tán, Suhail ti gba gbogbo ilé. Àwọn ọ̀rẹ́ Dáre ń pè é ní Suhail. Pásítọ̀ pè é ní Suhail! Orúkọ tí kò ju ìgbà tí ẹnu là tó tún padé lọ, ta ni kò ní pè é?

Ṣùgbọ́n Olúwa ò gbàgbé mi. Ìyàwó pásítọ̀ ló gbé ọmọ sókè ní gbangba, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe ń pupa! Ta ló jọ?" Gbogbo wọn wò mí. Mo dìde. Mo ní, "Àwọ̀ mi ló mú." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àlàájà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó gba ọmọ, ó gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé, ó fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀. "Ojú rẹ̀ ń pọ́n," ó ní. "Kì í ṣe àwọ̀ nìyí."

Mo ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó pupa fún wa. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbọdọ̀ dú." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń nu omijé. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó tún pupa sí i. Mo gbé e síwájú dígí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bákan náà ni.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọmọ kò jí láti mu ọmú ní àárọ̀. Ẹnìtàn fi omi tútù kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó la ojú, ó tún pa á dé. Àlàájà ní ilé ìwòsàn yá. Mo ní ọmọ tó ń sùn ni ọmọ tó ń dàgbà, kí wọ́n má gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá lọ kó àìsàn níbi tí àìsàn pọ̀ sí. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun ló tọ̀nà.

Ó wò mí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Bí ẹ ò bá lọ, èmi ń lọ." Ó pọn ọmọ, ó fa ọwọ́ Ẹnìtàn, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. Dáre ti wà níbi iṣẹ́. Mo jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ń bínú, lẹ́yìn náà mo gba ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, Ìyáàfin Ògúnsànyà, ló gbà wọ́n ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun. Ó fi ìka tẹ imú ọmọ, ó ká ìka náà kúrò. Abẹ́ ibẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ. "Láti ìgbà wo?"

Ẹnìtàn wò mí. Mo ní, "A rò pé ó ń pupa ni."

"Màmá, kì í ṣe pupa. Pípọ́n ni. Jọ́ńdíìsì. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, orí ọmọ ló ń gùn. Ó lè pa á, tàbí kó sọ ọ́ di adití." Ó fa pẹ́ẹ̀nì yọ. "Ṣé ẹ kó kánfọ̀ sínú aṣọ rẹ̀? Ẹ rò ó dáadáa."

Ẹnìtàn ní, "Rárá o, Mà. Gbogbo aṣọ rẹ̀ tuntun ni."

Àlàájà ní, "Ká má rí i! Mi ò kì í jẹ́ kó wọlé."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Ẹnu mi là, mo sì gbọ́ ohun tó jáde níbẹ̀. Mo ní, "Omi ewé ni Àlàájà fi ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù, ìhòòhò, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú rẹ̀. Nígbà tí iná ìjọba lọ, gbogbo wa dìde dúró títí jẹnẹrétọ̀ fi gbà á. Iye tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò wálẹ̀. Dókítà ní bí kò bá wálẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn yóò pààrọ̀ gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ibùsùn tó kángun sí tiwa, ọmọ Islamiat ni, ọmọbìnrin kan láti Apete tí kò lè ju ọdún méjìlélógún lọ. Ọjọ́ márùn-ún ló fi ń gbé ọmọ rẹ̀ sí oòrùn láràárọ̀, tó ń fún un ní omi gúlúkóòsì, bí àwọn aládùúgbò ṣe kọ́ ọ. Ọmọ náà ń tẹ ẹ̀yìn kọ̀rọ̀dọ̀, ẹkún rẹ̀ ń dún fínrín bí ti ológbò. Ó ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, "Ó máa sàn, àbí?"

Ní ọ̀sán, Ìyáàfin Ògúnsànyà kó gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò fi ìwé sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa abẹ tí a kò sè tí wọ́n fi gé ìwọ́, ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n fi sí ìdodo, àgbo tí wọ́n rọ sí ọmọ lọ́fun tó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ tí kò tó oṣù tí wọn kò fi mọ́ àyà, gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù tọ́jú. Lẹ́yìn náà ló wá kan kánfọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa kò lè gba òórùn rẹ̀: ó ń gba imú wọlé, ó ń gba awọ ara wọlé, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa fọ́, ohun pípọ́n yóò máa tú jáde nínú rẹ̀. "Kì í ṣe ìkà ló ń gbé ọmọ wọnú yàrá yìí," ó ní. "Ìyá tó kórìíra ọmọ rẹ̀ kì í tọ́jú aṣọ rẹ̀ sínú àpótí."

Mo di ògiri mú.

Kò pẹ́ tí Dáre fi wá. Ó ní òun ń lọ sílé lọ kó aṣọ ìtẹ́sùn ibùsùn ọmọ wá, pé òtútù ń mú u lábẹ́ iná yẹn. Aṣọ ìtẹ́sùn. Gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò ká pọ̀. Mo ní kó má kó o. Ó ní kí ló dé? Mo ní kó má kó o ni! Ó ń wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Bí mo bá dákẹ́, ṣọ́ọ̀lù náà yóò tún bá ọmọ nínú yàrá yìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àná di irọ́ lójú gbogbo ayé.

Mo lọ bá Nọ́ọ̀sì níbi tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni. Kánfọ̀ wà nínú aṣọ tí mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Iléyá. Ó ti ń sùn lórí ṣọ́ọ̀lù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Àlàájà kò mọ nǹkan kan." Kò pariwo mọ́ mi. Ó dìde, ó lọ sọ fún dókítà. Nígbà tí mo yíjú, Ẹnìtàn ló wà lẹ́yìn mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lánàá. Ọmọ náà wà láàyè.

Ẹnìtàn bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. "Màmá, mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ọmọ mi." Kò pariwo. Dáre wà níbẹ̀, kò gbèjà mi. Kí ni yóò fi gbèjà mi?

Àlàájà ní tirẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí n dúró níwájú nọ́ọ̀sì bí apànìyàn, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi." Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Islamiat kú ní aago méjì. Àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Omi yẹn ni mo fẹ́." Mi ò ní gbàgbé. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ pẹ̀lú òfìfo báàgì ọmọ léjìká, ojú sì tì mí pé tiwa ṣì ń mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọjọ́ kẹta lórí bẹ́ǹṣì ìta. Òjò ń rọ̀, ó ń fẹ́ wọlé, mo gbé ẹsẹ̀ sókè. Láti ibẹ̀ mò ń gbọ́ Àlàájà nínú yàrá, tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ná ọjà. Wọ́n ń jẹ́ kó ki ọwọ́ bọ inú àpótí gíláàsì náà láti fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀. Mo jowú ọwọ́ yẹn. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe, owú ò kúrò lára mi. Mo gbàdúrà lé e, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì náà.

Dókítà jáde wá bá èmi àti Dáre. Ó ní irú ẹ̀jẹ̀ tí kò gba kánfọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á, ìyá náà sì lè gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, kó má sì ṣe obìnrin ní nǹkan kan. Ó ní ìdí nìyẹn tí Dáre fi wọ aṣọ kan náà láì fara pa.

Ọ̀dọ̀ ìyá. Ìyẹn ni pé láti ọ̀dọ̀ Àlàájà ni. Mo mú ọ̀rọ̀ náà dání bí ẹni tó he òkò. Mo ń dúró dè é.

Ó jáde ní nǹkan bí aago mẹ́rin pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kejì. Ó ní, "Ẹ jẹun. Ẹ kò jẹun láti ọjọ́ Ẹtì." Mo ṣí ẹnu láti ju òkò mi.

Ó ní, "Ọkùnrin méjì ni mo bí ṣáájú Ẹnìtàn. Ìkíní lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, èkejì lo ọjọ́ méjìlá. Ojú wọn pọ́n báyẹn gan-an. Ọdún kan náà ni orogún mi bí tirẹ̀, tirẹ̀ sì yè. Òun ló fún mi ní aṣọ ọmọ, láti inú àpótí rẹ̀, ó sì kà á sí oore. Mo ní òun ló pa wọ́n. Mo sọ ọ́ ní gbangba, lójú bàbá wọn àti gbogbo àdúgbò, wọ́n ń pè é ní àjẹ́ títí ó fi kó lọ. Ó ti kú. Ọjọ́ Ẹtì tí nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ kánfọ̀ ni mo tó mọ̀ pé àìmọ̀ ni. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti kórìíra òórùn yẹn. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì."

Òjò ń rọ̀. Mo gbé òkò náà mì. Ó korò, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Bí Dáre tàbí dókítà bá fẹ́, kí wọ́n sọ fún un, kì í ṣe ẹnu mi.

Mo ní, "Ẹ forí jì mí, Àlàájà."

Ó ní, "Ẹ jẹun ná." Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn. Ìyẹn náà tún dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Iye náà ń wálẹ̀. Ó mu ọmú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Dáre ló wá sọ fún mi níta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ

Wọ́n dá wa sílẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń padà sí dúdú. Ẹ bá mi wò ó, èmi ni mò ń dúpẹ́ pé ọmọ ń dú.

Ìyáàfin Ògúnsànyà ní kò tíì parí. Etí ni nǹkan yẹn sábà máa ń bà jẹ́ jù lọ. Kí a máa ṣọ́ ọ bóyá ó ń gbọ́ràn, kí a sì gbé e padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnìtàn di ọmọ mọ́ àyà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kó gbogbo inú àpótí dànù. Mo kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí gé wọn sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà he wọ́n fún ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí mo dé orí aṣọ kíróṣé, ọwọ́ mi dúró. Dáre gba àlùmọ́gàjí, ó bá mi gé e.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi ní ilé ìdáná, ariwo rẹ̀ gba ilé. Mo sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọmọ ń sùn, kò mira. Ẹnìtàn wò mí, èmi náà wò ó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀ nígbà tí ó lajú. Mi ò mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ṣẹ́ tàbí mo fẹ́ kó ṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

"Màmá, ẹ bá mi gbé e, mo fẹ́ wẹ̀." Ẹnìtàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Mi ò kúrò lójú kan títí ó fi wẹ̀ tán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù Ògún

Òní ni a gbé e lọ fún etí. A dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ, èrò ti kún. Àlàájà dúró síta pẹ̀lú káàdì wa láti máa ṣọ́ ìlà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ etí wò. Ẹnìtàn ní, "Màmá, ẹ̀yin ẹ gbé e wọlé. Àyà mi ń já, mi ò lè wò ó." Èmi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún. Mo gbé e wọlé, òun sì tẹ̀ lé mi, ó kọjú sí ògiri.

Ìyáàfin Ògúnsànyà ní àwọn yóò fi ẹ̀rọ wò ó tó bá yá, ṣùgbọ́n òun máa ń kọ́kọ́ fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Ó ní kí n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí n dúró níbi tí kò ti lè rí mi, kí n pè é.

Mo pè é. "Nífẹ́mi." Ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń wo àjà.

"Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀."

"Olúwanífẹ́mi! Ọmọ mi!" Ó ń ta ẹsẹ̀. Mo tún pè é. Mo fi orúkọ tí mi ò fẹ́ràn pè é. Mo kọrin fún un, pẹ̀lú ohùn tíṣà tí mo fi ń pe igba ọmọ sórí ìlà fún ọdún márùndínlógójì. Kò wo ibi tí mo wà. Ẹnìtàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sára ògiri. Nọ́ọ̀sì ń kọ nǹkan. Mo ní nínú ara mi, mo ti ṣe é, mo ti di ọmọ yìí létí títí ayé.

Bẹ́ẹ̀ ni ariwo bẹ́ sílẹ̀ níta. Ẹnìkan fẹ́ já ìlà. Àlàájà ò sì gbà. "Ta ni ẹ ń tì? Èmi? Láti aago mẹ́jọ! Ẹ padà sẹ́yìn, jàre!"

Ẹsẹ̀ ọmọ dúró.

Ojú rẹ̀ kúrò lórí àjà. Ó lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn, orí rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ là bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti ń pè é jẹun. Nọ́ọ̀sì gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀. Níta, ohùn náà dákẹ́, ọmọ sì ń wá a kiri.

Gbogbo ara mi gbóná fún owú, bẹ́ẹ̀ ni omijé ń dà lójú mi. Mo sáré ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo ìlà yíjú wò mí.

Mo ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún pariwo!"